Òùngbẹ Kì í Gbẹ Òkú: Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé Lórí Ìtẹ́lọ́rùn Ọkàn Nínú Ìgbàgbọ́ Kristẹni

Láti ìgbà tí a ti kéde pé ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn ọkàn la ó fi ojú ewé yìí sọ lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ lára àwọn lẹ́tà tó wọlé ló jọ ara wọn débi pé ènìyàn lè rò pé ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n. Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn. Mo gé wọn kúrú, mo sì yọ ohunkóhun tó lè tú àṣírí ẹni tó kọ wọ́n kúrò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo dá lóhùn gùn jù, nítorí pé òun ló gbé ìdí ọ̀rọ̀ náà dání. Kí àwọn yòókù jọ̀wọ́ má bínú.

*Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 49 ni mí. Inú ìgbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí, láti èwe mi ni mo sì ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. N kì í pa ìsìn jẹ, mo ń gbààwẹ̀, mo sì ń ṣe ojúṣe mi nínú ìjọ. Síbẹ̀, ó ti tó ọdún 3 báyìí tí àdúrà kò ní adùn lẹ́nu mi mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń jẹ́rìí pé Ẹ̀mí Mímọ́ fi ayọ̀ kún ọkàn wọn, èmi náà á ṣe “Àmín”, ṣùgbọ́n inú mi á máa sọ fún mi pé àgàbàgebè ni mí. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ìjọ wa ti tutù, pé kí n wá sí tiwọn níbi tí iná Ẹ̀mí ti ń jó. Ṣé kí n lọ? Àbí ìgbàgbọ́ tèmi gan-an ló ti kú?*

Arábìnrin wa, òùngbẹ kì í gbẹ òkú. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti kú kì í jókòó kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta nítorí pé àdúrà rẹ̀ kò dùn mọ́. Yóò kàn dìde lórí eékún rẹ̀ lọ́jọ́ kan ni, yóò sì gbàgbé pé òun ti kúnlẹ̀ rí. Ẹ ṣí Orin Dáfídì 42. Ẹni tó kọ ọ́ ní ọkàn òun ń fà sí Ọlọ́run bí àgbọ̀nrín ti í mí hẹlẹ sí ipa odò, omijé ló sì ń jẹ lóúnjẹ tọ̀sán-tòru. Ẹ wá wo ohun tó ń rántí ní ẹsẹ 4: bí òun ti máa ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ilé Ọlọ́run tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ohùn ayọ̀ àti ìyìn. Akọrin bíi tiyín ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè nínú sáàmù yẹn pé kí ló dé tí ó fi rẹ̀wẹ̀sì, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì sọ fún un pé kó dúró de Ọlọ́run, nítorí pé òun yóò tún yìn ín. Kò sọ pé òun ti ń yìn ín báyìí. Ó ní òun yóò tún yìn ín, sáàmù náà sì parí síbẹ̀ láìsí ìròyìn pé adùn àtijọ́ ti padà dé. Síbẹ̀, inú Ìwé Mímọ́ ló wà, wọn kò yọ ọ́ dànù.

Ní ti àgàbàgebè, ẹni tó ń ṣe ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ kí aráyé lè yìn ín ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ayọ̀ kò kàn tí ó sì tún lè ṣe “Àmín” sí ayọ̀ ẹlòmíràn, ìfẹ́ ló ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun ṣe é.

Mo rò pé ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú ni pé a ti sọ ìtẹ́lọ́rùn di nǹkan tó máa ń bà lé ènìyàn bí ẹyẹ ti ń bà lé igi. Bó bá bà lé wa, a ó ní Ọlọ́run sún mọ́ wa. Bó bá fò lọ, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tí a dá. Pọ́ọ̀lù kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ sí àwọn ará Fílípì nígbà tó wà nínú ìdè, ní orí 4 ẹsẹ 11, ohun tó sọ ni pé òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn ní ipòkípò tí òun bá wà. Ọ̀rọ̀ náà ni “kọ́”. Ẹni tó kọ́ nǹkan ti ṣì í ṣe rí, ó ti gbìyànjú rẹ̀ tì, ó sì ti tún un ṣe. Láti ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti dá a dúró lójú ọ̀nà Dámásíkù títí di ìgbà tó kọ lẹ́tà yẹn, ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Kì í ṣe ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ tutù láti inú ìyá rẹ̀ wá ló ń sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ìtàn kan tó jẹ mọ́ ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín. Ní ọ̀rúndún kẹrin, àwọn Kristẹni kan kó lọ sí aṣálẹ̀ Íjíbítì láti máa dá gbé, kí wọ́n lè fi gbogbo ọjọ́ wọn gbàdúrà. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Evagrius, tó kú ní ọdún 399, kọ̀wé nípa ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní akedia. Ó ní nígbà tí oòrùn bá mú ló máa ń dé. Yóò jẹ́ kó dà lójú ènìyàn bíi pé oòrùn kò kúrò lójú kan mọ́, pé ọjọ́ kan ṣoṣo ti gùn tó wákàtí 50. Anìkàngbé náà á máa yọjú lójú fèrèsé ṣáá, á jáde síta, á máa wo oòrùn bóyá wákàtí kẹsàn-án, tí í ṣe àkókò oúnjẹ, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ibi tó ń gbé àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Á máa rò ó pé ìfẹ́ ti tán láàárín àwọn ará, pé kò sí ẹnì kan tó lè tu òun nínú níbẹ̀, pé ibòmíràn wà tí nǹkan yóò ti rọrùn fún òun, tí òun yóò sì ti lè sin Ọlọ́run bó ti yẹ. Ẹ kíyè sí i, arábìnrin wa: ìmọ̀ràn tí ọ̀rẹ́ yín gbà yín ti lé ní ọdún 1600.

Ohun tí Evagrius ní kí ẹni tó bá wà nínú ipò yìí ṣe ni kó má sá kúrò lójú kan. Ó tún ní kó fi omijé pín ọkàn ara rẹ̀ sí méjì, kí apá kan máa tu apá kejì nínú, kó sì máa fi ọ̀rọ̀ Orin Dáfídì 42 yẹn gan-an bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ọkàn rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì. Ó lé ní ọdún 1100 lẹ́yìn rẹ̀ tí Ignatius ti Loyola, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan, fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ìlànà fún àwọn tó ń tọ́ sọ́nà: nígbà tí ọkàn bá gbẹ, kí ènìyàn má ṣe yí ìpinnu tó ti ṣe nígbà tí ọkàn rẹ̀ tutù padà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ èké ni wọ́n fi ń kọ́ yín ní ìjọ yín, tàbí pé wọ́n ń rẹ́ àwọn aláìlágbára jẹ níbẹ̀, ẹ má dúró gba ìmọ̀ràn mi kí ẹ tó jáde. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọkàn yín tó gbẹ nìkan ni ẹ̀sùn tí ẹ ní sí ìjọ náà, ọkàn yẹn náà ni ẹ ó gbé lọ sí ìjọ kejì. Iná ibẹ̀ lè mú yín lára yá fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ẹ ó tún máa wo ojú fèrèsé.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ Màmá Teresa ti Calcutta jáde ní ọdún 2007, tí í ṣe ọdún 10 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ya ayé lẹ́nu pé fún nǹkan bí ọdún 50 ni obìnrin tí gbogbo ènìyàn ń wò bí ẹni tó kún fún ìmọ̀lára Ọlọ́run fi ń gbàdúrà nínú òkùnkùn, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára pé Ọlọ́run wà nítòsí. Ó ń jí lówùúrọ̀, ó ń gbàdúrà, ó sì ń lọ bá àwọn tó ń kú lọ. Àwọn kan ka àwọn lẹ́tà náà, wọ́n ní ó hàn pé kò gbàgbọ́. Èmi kò mọ irú ìgbàgbọ́ tí wọ́n tún ń wá ju èyí tó ṣiṣẹ́ fún ọdún 50 láìgba owó ọ̀yà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi díẹ̀. Nígbà kan tí mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà mi sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí inú mi bàjẹ́, mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè rí gbogbo ohun tí Ọlọ́run kò tíì ṣe. Bí mo ṣe ń ṣí i ni mo rí i pé ó ju ìdajì wọn lọ tí mo ti rí gbà, tí n kò tilẹ̀ fa ìlà kankan sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àìsàn kan tó dá mi lọ́wọ́ kọ́ wà ní ojú ewé kan. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú nítorí nǹkan mìíràn. N kò ní ìmọ̀lára kankan lálẹ́ ọjọ́ yẹn o. Mo kàn mú gègé, mo ń fa ìlà, mo sì ń kọ “a dúpẹ́” sí ẹ̀gbẹ́ wọn títí oorun fi gbé mi.

Orin Dáfídì 131 ni mo fẹ́ kí ẹ máa kà. Ẹsẹ 3 péré ni. Onísáàmù náà ní òun ti mú ọkàn òun dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí ọmọ tí a ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo tọ́ ọmọ mẹ́ta, mo sì mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú kì í sinmi lórí itan. Ọwọ́ rẹ̀ á máa wá inú aṣọ ìyá rẹ̀ kiri, á máa forí gbá a láyà, bí kò bá sì tètè rí ohun tó ń wá, igbe á ta. Nígbà tí mo gba ọmú lẹ́nu àbígbẹ̀yìn mi, ó sunkún fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń wò mí bí ẹni tí mo dalẹ̀ rẹ̀. Mo sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, n kò jìnnà sí i rárá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rìn wá, ó gun orí itan mi, ó gbé orí lé mi láyà, kò sì wá nǹkan kan. Ó kàn jókòó ni. Èmi gan-an ló wá bá lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ọmú.

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí Ọlọ́run ń ṣe fún yín nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà lára ohun tí ẹ ó máa rò. Ẹ máa kọrin yín lọ. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu yín bá tán nínú àdúrà, ẹ yá ọ̀rọ̀ àwọn onísáàmù lò, ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ sì wá ẹnì kan tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún mi fún un lójúkojú, nítorí pé ọdún 3 ti pọ̀ jù fún ènìyàn láti fi dá ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

*Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo sì ń kàwé kún ìwé nítorí rẹ̀. Ìyàwó mi ní n kò ní ìtẹ́lọ́rùn, pé ẹni tó bá mọ Kristi kì í wá nǹkan kiri bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé Kristẹni tó ní ìtẹ́lọ́rùn kò gbọdọ̀ fẹ́ ju ohun tó ní lọ?*

Rárá o, kì í ṣe òótọ́. Pọ́ọ̀lù tó ní òun ti kọ́ ìtẹ́lọ́rùn ló gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ẹ̀gún tó wà nínú ẹran ara òun kúrò, gẹ́gẹ́ bó ti sọ nínú 2 Kọ́ríńtì 12. Òun náà ló sọ fún ẹni tó jẹ́ ẹrú, nínú 1 Kọ́ríńtì 7:21, pé kó má ṣe jẹ́ kí ipò náà bà á lọ́kàn jẹ́, ṣùgbọ́n bó bá lè di òmìnira, kó lo àǹfààní náà. Kódà, Jésù Olúwa wa bẹ̀bẹ̀ nínú ọgbà Gẹtisémánì pé bó bá ṣeé ṣe, kí ago náà ré òun kọjá. Ìtẹ́lọ́rùn kì í ṣe ọ̀lẹ tó wọ aṣọ ìsìn. Ibi tí a ti ń mọ̀ ọ́n ni ìgbà tí ìdáhùn bá dé, tó sì jẹ́ “rárá”. Pọ́ọ̀lù gbọ́ pé oore-ọ̀fẹ́ Olúwa tó fún òun, kò sì béèrè nígbà kẹrin.

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin kẹwàá yẹ yín wò. Ẹ́kísódù 20:17 kò ní kí ènìyàn má fẹ́ ilé. Ilé ẹnìkejì ni, aya ẹnìkejì ni, títí ó fi dé orí màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, lẹ́yìn náà ló wá fi ohunkóhun tí í ṣe ti ẹnìkejì dí i. Nítorí náà, ọ̀gbẹ́ni wa, ìbéèrè tí mo ní fún yín kò le. Bí wọ́n bá fi ipò tí ẹ ń wá fún ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́la, ṣé ẹ ó lè kí i kú oríire, kí ẹ sì sun oorun yín lálẹ́? Ásáfù tó kọ Orin Dáfídì 73 jẹ́wọ́ pé díẹ̀ ló kù kí ẹsẹ̀ òun yẹ̀ nígbà tí òun ń wo bí ara ti ń dẹ àwọn mìíràn, ó sì ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun títí òun fi wọ ibi mímọ́ Ọlọ́run. Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ sọ pé nǹkan kan yí padà nínú àpò òun.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń wá ìgbéga sábà máa ń fò dá. Ẹsẹ 13 nínú Fílípì 4, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní òun lè ṣe ohun gbogbo nínú ẹni tó ń fi agbára fún òun, ni a máa ń fà yọ nígbà tí a bá ń wá nǹkan ńlá. Ẹ ka ẹsẹ 12 tó ṣáájú rẹ̀. “Ohun gbogbo” tó ń wí níbẹ̀ ni láti yó àti láti wà nínú ebi, láti ní púpọ̀ àti láti ṣaláìní. Ó ka yíyó mọ́ àwọn nǹkan tí a ní láti kọ́. Ẹni tí kò bá tíì kọ́ ọ nísinsìnyí tó wà ní ipò kékeré, yóò ṣì ní láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ipò ńlá, iṣẹ́ á sì ti pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ẹ máa kàwé yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ìyàwó yín, n kò ní dá sí i jù báyìí lọ, àyàfi pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni ìyàwó yín ń wá, tí ẹ kì í sí nílé mọ́.

*Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Bí mo bá rí ẹ̀rí àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni bíi tèmi lórí fóònù, bí Ọlọ́run ṣe ń lò wọ́n, tí wọ́n sì ń rìn káàkiri ayé, àdúrà tèmi á wá dà bí eré ọmọdé lójú mi. Báwo ni mo ṣe lè bọ́ nínú rẹ̀?*

Ọmọ mi, ka ìgbẹ̀yìn Jòhánù orí 21. Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ bi Pétérù lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun, ó ti fa àgùntàn lé e lọ́wọ́, ó tilẹ̀ ti sọ irú ikú tí yóò kú fún un. Kò sí ọ̀rọ̀ tó tún jinlẹ̀ jù ìyẹn lọ tí ènìyàn lè gbọ́ lẹ́nu Olúwa rẹ̀. Kí ni Pétérù ṣe? Ó yíjú wẹ̀yìn, ó rí ọmọ-ẹ̀yìn kejì tó ń bọ̀, ó sì béèrè pé, ti eléyìí ńkọ́? Ọrùn ló wà nínú ọ̀rọ̀ wa tí a ń pè ní ìtẹ́lọ́rùn, ọrùn Pétérù ni kò sì dúró lójú kan lọ́jọ́ náà. Jésù dá a lóhùn pé èwo ló kàn án nínú ìyẹn, kí ó máa tọ òun lẹ́yìn.

Ẹ̀rí tí o ń rí lórí fóònù lè jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fi hàn ọ́ nínú ọdún kan. Má fi gbogbo ọjọ́ tìrẹ wé ìṣẹ́jú kan tiwọn. Bó bá sì jẹ́ pé fóònù lo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn kí o tó gbàdúrà lówùúrọ̀, gbé e jìnnà sí ibùsùn rẹ fún oṣù kan, kí o wá kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

*Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ọkọ mi kú ní oṣù 8 sẹ́yìn. Àwọn ará ìjọ ní kí n dẹ́kun ẹkún, pé ẹkún mi ti pọ̀ jù, pé ó ń fi hàn pé n kò ní ìtẹ́lọ́rùn nínú ìfẹ́ Ọlọ́run. Mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. N kì í lè sùn, oúnjẹ kì í wọ̀ mí lẹ́nu, nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ó sàn kí n sùn kí n má jí mọ́.*

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn. Lónìí yìí, kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan tó lè wà pẹ̀lú yín, kí ẹ sì jẹ́ kó bá yín lọ rí dókítà. Ẹni tí oorun àti oúnjẹ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù 8 nílò ìtọ́jú, kì í ṣe ìbáwí. Bí èrò náà bá le sí i, tí ẹ sì rí i pé ẹ fẹ́ ṣe ara yín ní jàǹbá, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Èlíjà sọ irú ọ̀rọ̀ yín yìí. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, ó jókòó sábẹ́ igi kan ní aginjù, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí. Áńgẹ́lì kan fọwọ́ kàn án, àkàrà gbígbóná àti ìgò omi sì wà níbi ìgbèrí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó dìde jẹun nítorí pé ìrìn àjò náà pọ̀ jù fún un. Ìgbà tó dé Hórébù ni Ọlọ́run tó bi í ní ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Oorun àti oúnjẹ ló ṣáájú, ìbéèrè ló tẹ̀ lé e. Ó wù mí kí àwọn tó ń bá yín wí ti fara mọ́ ètò yẹn.

Ní ti ẹkún, Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù, ó sì mọ̀ pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i Lásárù yóò jáde wá. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà ni pé kí wọ́n má ṣe banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Kò ní kí wọ́n má banújẹ́ rárá. Nínú lẹ́tà Fílípì tó ti sọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn yẹn kan náà, ní orí 2, ó sọ nípa Ẹpafíródítù tó ṣàìsàn dé bèbè ikú, pé Ọlọ́run ṣàánú fún un, ó sì ṣàánú fún òun Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú, kí òun má bàa ní ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́. Ìbànújẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kò sì rí i bí ohun tó tako ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀. Jóòbù bú ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó sì bá Ọlọ́run ṣe awuyewuye láti orí kan dé òmíràn nínú ìwé rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí, ó ní wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ìránṣẹ́ òun ti ṣe.

Nítorí náà, ẹ sunkún yín, ẹ sun ún níwájú Ọlọ́run. Bí ẹ bá fẹ́ àdúrà tó bá yín mu, ẹ ka Orin Dáfídì 88, tí òkùnkùn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀. N kò ní kọ nǹkan kan nípa ìtẹ́lọ́rùn sí yín lóṣù yìí, ìyá. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ rí dókítà náà, ẹ sì tún kọ̀wé sí mi lẹ́yìn rẹ̀, kì báà jẹ́ ìlà kan ṣoṣo.